Ọ̀nà Ìkòròdú àti Àwọn Tí Wọ́n Ń Dí I



Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn òkèèrè yóò ti gbọ́ nípa ilẹ̀ àwọn òkè Caucasus, níbi tí Arméníà àti Azerbaijan ti bá ara wọn jagun. Ní ọdún 1993 ni orílẹ̀-èdè Túrkì ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ Arméníà. Nígbà tí Azerbaijan wá ń wá ibi tí epo rọ̀bì rẹ̀ yóò gbà dé etí òkun Túrkì, ilẹ̀ Georgia ni wọ́n gbé òpó epo náà gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, ojú irin sì tẹ̀ lé e ní 2017. Wọ́n rìn yí Arméníà ká bí ẹni rìn yí òkìtì ọ̀gán ká. Ọ̀rọ̀ àjèjì kọ́ ni èyí. Ẹni tí ó bá ti Sangisa jáde sí títì Ìkòròdú, tí ó rí bí ọkọ̀ ẹrù ti ń wọ́ lọ sí Máìlì 12, ẹ̀gbẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó dúró sí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ogun Ìjàyè ń jà lọ́wọ́. Ìbàdàn ni alágbára òkè, ṣùgbọ́n kò ní etíkun. Láti etíkun ni ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ tí ó ń lò ti ń wá. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: ti Ẹ̀gbá, ti Ìjẹ̀bú, àti ti Rẹ́mọ tí ó jáde sí Ìkòròdú, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń la ọ̀sà kọjá sí Èkó. Títì tí a ń rí lónìí kò tí ì sí nígbà náà. Ẹni tí ó bá di ilẹ̀kùn mú kì í gba owó oníbodè nìkan. Òun náà ni yóò ra ẹrù lọ́wọ́ ará òkè, tí yóò sì tún un tà fún ará etíkun ní iye tí ó bá wù ú.

Àwọn kan a máa ní ojúkòkòrò ni ó mú kí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú máa ti ọ̀nà. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹ̀tù gba ẹ̀yìnkùlé òun kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè padà wá fi ẹ̀tù náà yìnbọn fún un? Ẹ̀tù tí Ààrẹ Látòósà ní kí wọ́n lọ rà wá láti Àjàṣẹ́ wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ní ọdún 1877.

Ṣùgbọ́n ìjà Ìkòròdú ti ṣáájú èyí. Rẹ́mọ ń fi ààyè gba àwọn Ìbàdàn. Inú bí Ẹ̀gbá, wọ́n sì lọ dó ti Ìkòròdú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó, rán ọmọ ogun kọjá ọ̀sà, wọ́n sì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ní ọdún 1867 ni àwọn ará Abẹ́òkúta kó ilé àwọn Òyìnbó, wọ́n sì lé wọn jáde nílùú; èyí ni wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé.

Glover kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà mọ́. Ó yí ojú sí ìlà-oòrùn, ó sì gbìyànjú láti la ọ̀nà mìíràn, láti orí ọ̀sà dé Òǹdó, kí ó sì gba ibẹ̀ dé Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1872 ọ̀nà náà ti ń là. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọ̀nà tí wọ́n là kí Ìbàdàn lè rí èémí mí, òun ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé Èkó fi ń kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn lójú ogun Kírìjì, tí wọ́n fi ń dojú kọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀!

Ti Ìjẹ̀bú kò pẹ́ ní sísọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892 wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé wọn yóò ṣí ọ̀nà, kí Awùjalẹ̀ sì máa gba £500 lọ́dọọdún dípò owó oníbodè. Àdéhùn náà dàrú. Ní oṣù Karùn-ún, ogun jà ní Ìmàgbọ̀n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin máa dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà. Àwọn tí wọ́n fi ìbọn gba ọ̀nà lọ́wọ́ wọn kò rí ojú irin gbà dípò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Máìlì 12. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún 2021. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè-Ọya ti dá ẹrù dúró, wọ́n ń béèrè owó gbà-má-bínú. Ọkọ̀ tòmátì, ata àti àlùbọ́sà dúró ní Jẹ́bà, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ wá. Iye owó ọjà gbéra ní Èkó. Lókè lọ́hùn-ún, ẹrù ń jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ó gbà kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Kò sí Glover kankan tí yóò la ọ̀nà Òǹdó fún ìyá aláta ní Máìlì 12. Ilẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ó wà ní Òkè-Ògùn, ó wà ní àyíká Ìkòròdú fúnra rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún yìí mọ iṣẹ́ oko jù mí lọ. Mo fẹ́ kí ó sọ fún wa bóyá tòmátì tí ó tó Èkó jẹ lè ti ibẹ̀ jáde nígbà òjò, nígbà tí kòkòrò àti ìjẹrà máa ń bá a jà, tàbí ọ̀nà Jẹ́bà náà ni a óò máa wò.