Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Lábẹ́ Omi

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọ̀kan nínú wa wá bá ìgbìmọ̀. Ó ní iṣẹ́ amòòkùn ni òun fẹ́ kọ́, ìyẹn àwọn tó ń rì wọ inú omi lọ ṣiṣẹ́ owó. A rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Nígbà tí kò yé bẹ̀ wá, a yá a lówó nínú àpò ẹgbẹ́, a kò sì béèrè ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n fún un ní káàdì. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ fún un pé káàdì àwọn tó ń mòòkùn fún ìgbafẹ́ ni. Owó ti lọ. Ojú ti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báǹkì jù, nítorí a kì í yá oníbàárà lówó láì yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí a fi wádìí.

Iṣẹ́ náà wà. Amòòkùn ló ń yẹ ìdí ọkọ̀ òkun wò, tó ń jó irin pọ̀ lábẹ́ èbúté, tó ń tún ọ̀pá epo ṣe nínú òkun. Afárá Third Mainland tí a ń gbà kọjá l'Ékòó, inú ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ òpó rẹ̀ dúró sí. Amòòkùn ló ń lọ wo ìdí wọn.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ́n wẹ̀ nìkan kò tó. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wá láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí èèyàn bá rì dé mítà 10, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Nitrogen inú afẹ́fẹ́ tó ń mí níbẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bí ó bá sáré gòkè, á hó nínú ara rẹ̀ bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a mì kí a tó ṣí i. Ó lè rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ẹ rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì nítòsí Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Nínú àwọn 12 tó wà nínú ọkọ̀ náà, òun nìkan ló yè. Ó tó nǹkan bí wákàtí 60 tó fi wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ní nǹkan bí mítà 30, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù sí. Àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú ló bá a láàyè. Wọn kò kàn fà á jáde. Wọ́n gbé e sínú yàrá irin kan tí wọ́n ti ń dín ohun tó tẹ̀ ẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lò ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin yìí kan náà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, ó sì di amòòkùn.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, kí ni dókítà wí? Ẹ jẹ́ kó yẹ etí, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ọmọ wò kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún àyẹ̀wò yìí ṣe.

Èkejì, irú ìwé ẹ̀rí wo ni? Ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IMCA máa ń gbé orúkọ àwọn ìwé ẹ̀rí tó fọwọ́ sí jáde. IMCA fúnra rẹ̀ kì í kọ́ni níṣẹ́. Bí orúkọ ìwé náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọwọ́ wo lọmọ náà mọ̀? Omi kàn ń gbé e dé ibi iṣẹ́ ni. Wẹ́dà tàbí fítà tó kọ́ ìmòòkùn yóò tètè rí iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, báwo ni owó yóò ṣe máa wọlé? Ọ̀pọ̀ wọn, iye ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń gba owó fún, oṣù mìíràn sì lè gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ owó fi pa mọ́. Kó tún mọ̀ pé orí ọkọ̀ ni àwọn tuntun sábà máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń di rọ́bà afẹ́fẹ́ mú fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀mí ẹni yẹn ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ wa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà láàárín wa níbí. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà láti ọdún tó kọjá, dókítà sì ti ní ara rẹ̀ gbà á. Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ìdajì gbèsè yẹn, ẹgbẹ́ ni yóò san án, nítorí àwa àgbà la kò béèrè. Bí ó bá mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tuntun wá, a ó tún dúró fún un. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, a ó kà á dé ìparí kí a tó fọwọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọmọ wa kò ní bómi lọ.