Wíwá Iṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Bí Làálàá Wa Kò Ṣe Ní Já Sí Òfo

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí sọ ní Ìlógbò-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo wa, nítorí agbo-ilé tí kò ní ọmọ tí ó ti parí ẹ̀kọ́ tí ó sì ń wá iṣẹ́ kò pọ̀ láàrin wa.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ a kọ lẹ́tà, a lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, a sì máa retí èsì. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kéde àyè iṣẹ́ sí. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ dá Jobberman sílẹ̀ fún irú ètò yìí. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó wọ igbó láìmọ irú ẹran tí ó ń wá, àárẹ̀ ni yóò gbé bọ̀ wálé.

Èkínní, ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ ń wá. Ẹni tí ó bá kọ “iṣẹ́” nìkan sínú Google yóò rí ìpolówó tí kò lóǹkà, dátà rẹ̀ yóò sì tán. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ náà gan-an àti orúkọ ìlú tí ẹ fẹ́, ìbáà ṣe Ìdó, Ìkọ̀lé tàbí Adó-Èkìtì. Ọ̀pọ̀ ojú-òpó ni ó ní ètò tí yóò máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jáde. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un, kí ẹ má baà fi gbogbo ọjọ́ wá ohun tí ó lè wá yín wá.

Èkejì, ẹ má ṣe fi CV kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ ka ìpolówó náà délẹ̀, kí ẹ sì gbé ìmọ̀ tí wọ́n béèrè síwájú, bí ẹ bá ní in ní tòótọ́. Ẹ lo orúkọ yín gan-an fún ímeèlì, ẹ má lo orúkọ àpèlé àwọn ọ̀rẹ́. Lẹ́tà márùn-ún tí a fara balẹ̀ kọ sàn ju àádọ́ta tí a kàn dà síta lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́, ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn, àti èsì tí ó wá. Nípa èyí, ẹ ó mọ ọ̀nà tí ó ń so èso àti èyí tí kò so.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe gbé gbogbo ìrètí lé ibi kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju 500,000 lọ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ àjọ Immigration, tí àyè rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí wọ́n péjọ fún ìdánwò, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó sì ju mẹ́wàá lọ tí ó kú. A kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Ẹ wá iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké pẹ̀lú, níbi tí èrò kò ti pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì. Bí ẹ bá gbọ́ lórí WhatsApp pé Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì tàbí ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó ń gba òṣìṣẹ́, ẹ wo ojú-òpó tiwọn fúnra wọn kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó rí iṣẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí báǹkì yín han ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pè yín sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ìlú tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ fún ará ilé kí ẹ tó gbéra.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó tẹjú mọ́ fóònù ni ó ń ṣeré. Òmíràn ń wá oúnjẹ òọ̀jọ́ rẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó lè sọ iye ìgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe, ẹ fún un ní owó dátà bí agbára yín bá ká a, kí ẹ sì bá a wádìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ya wákàtí kan tàbí méjì sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún wíwá iṣẹ́, kí ẹ sì fi èyí tí ó kù kọ́ ọwọ́ tàbí kí ẹ fi ṣiṣẹ́ oko.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọwọ́ gbogbo wa tẹ ohun tí a ń wá.