Agbára Nínú Ọ̀rọ̀ Ìṣe

"Ó le kú, ìjà Òrè!" Láti ọdún 1967 ni àwọn Yorùbá ti ń fi gbólóhùn yìí júwe ohun tí ó bá le ju bí ó ti yẹ lọ. Òrè, tí ó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá àwọn ọmọ ogun Bìáfírà dúró lójú ọ̀nà Èkó. Bí a ti ń rántí ìró ìbọn ọjọ́ wọ̀nyí, ó yẹ kí a rántí ọ̀rọ̀ ìṣe kan pẹ̀lú: "gbà".

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún, 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà, tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, jẹ́ ọ̀gá wọn, gba ìlú Benin. Ọmọ ogun ìdáǹdè ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní àwọn wá gba àwọn ará ibẹ̀ là. Ẹni tí ó gba ìlú, aṣẹ́gun ni. Ẹni tí ó gba ìlú là, olùgbàlà ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "là", ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó gbé ìbọn dání kọ́ ni ó yẹ kí ó fi "là" parí gbólóhùn náà, bí kò ṣe ẹni tí a gbà.

Bí a bá fẹ́ wọn agbára inú ọ̀rọ̀ ìṣe, kí a fi "ó kọ̀" tẹ̀ lé e. "Wọ́n rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ, ó kọ̀": kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. "Wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó lọ, ó kọ̀": ọ̀rọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ìyà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n fipá mú un lọ, ó kọ̀": gbólóhùn náà ti wó, nítorí ipá kì í fi àyè kíkọ̀ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí alágbára fi máa ń yá ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ lò. Ìkéde tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a rọ gbogbo ará ìlú", tí ó sì parí pẹ̀lú owó ìtanràn, àṣẹ ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún kan náà, ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà. "Padà" náà ní ohun tí ó ń wí: pé olóhun ni ó gba ohun ìní rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ agbára, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó sọ ọ́, ta ni ó sì lè kọ̀?