Ẹnu La Fi Ń Kọ̀ "Mi Ò Jẹ": Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Mọ̀ Nípa Kóòtù Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ láti ibi ìtúnkọ̀ṣe sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

  

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà, ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni ó kan èmi tí mo ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nínú ọ̀rọ̀ kóòtù Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú àwọn tí ń wa tírélà wá bá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ tí o máa ń ka ìwé, wọ́n ti dá ọmọ mi dúró ní pápákọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà o. Wọ́n ní ó ti 'plead guilty' nígbà kan rí. Kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó túmọ̀ sí pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi."

Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó san ìtanràn, kí ó máa lọ sílé."

Òótọ́ ni. Ẹ̀sùn pé ó mú ọjà ní ṣọ́ọ̀bù láìsanwó ni. Ọmọ náà kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ọdún púpọ̀ kọjá. Ó wá sílé wá sin ìyá àgbà, ìgbà tí ó padà dé ọ̀hún ni ìwé àtijọ́ náà jí dìde.

N kò rí èsì gidi fún ẹ̀gbọ́n wa lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá lọ́yà kan, mo ka ìwé, mo bi àwọn tí ó mọ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní Chicago, ní New York, ni mo ṣe ní kí alága fún mi láyè lónìí.

KÓÒTÙ WO, NÍ ÌPÍNLẸ̀ WO?

Kò sí kóòtù kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ kóòtù Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà níbẹ̀, kálukú ní òfin tirẹ̀ àti kóòtù tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀: kóòtù àgbègbè 94 ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn 13 wà lókè wọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tí ó ní adájọ́ 9 sì wà lókè pátápátá. Orúkọ pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Ní ìpínlẹ̀ New York, kóòtù tí wọ́n ń pè ní "Supreme Court" kọ́ ni ó ga jù. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá pè yín pé wọ́n pe òun lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kóòtù wo, ní ìpínlẹ̀ wo?

Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwa àti àwọn ti jogún òfin, nítorí náà ọ̀pọ̀ nǹkan jọra. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn kì í dé wíìgì, bẹ́ẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìbò ni wọ́n fi ń yan lọ́yà ìjọba tí ó ń fi ẹ̀sùn kan ènìyàn.

ẸJỌ́ MÉJÌ, ÒṢÙWỌ̀N MÉJÌ

Ọ̀nà méjì ni ẹjọ́ pín sí. Ìkíní ni ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní "criminal". Ìjọba ni ó ń peni nínú èyí, ó sì lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n. Ìkejì ni "civil", níbi tí ẹnìkan ti ń bèèrè owó tàbí ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn títí tí ọkàn olóye kò fi ní ṣiyèméjì mọ́. Nínú civil, bí òṣùwọ̀n bá ti tẹ̀ sí apá kan díẹ̀, ó tó.

Ẹ ó rántí O. J. Simpson, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ní 1995, wọ́n ní kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ní 1997, kóòtù civil ní ọrùn rẹ̀ ni ikú àwọn ènìyàn náà wà, kí ó san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, òṣùwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ẹjọ́ ọ̀daràn náà tún ní kékeré àti ńlá. "Misdemeanor" ni ọ̀ràn kékeré. "Felony" ni ọ̀ràn ńlá tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè kọjá ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ kékeré tàn yín jẹ. Ọ̀ràn kékeré ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa.

ẸNU LA FI Ń KỌ̀

Ní 1963, ọlọ́pàá mú Ernesto Miranda ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Wọ́n bi í ní ìbéèrè fún nǹkan bí wákàtí méjì, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ṣe é. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti ní lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1966, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tó da ìbéèrè bo ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lè dákẹ́, pé ohun tí ó bá sọ lè di ẹ̀rí mọ́ ọn lọ́rùn, pé ó lè ní lọ́yà, pé bí kò bá lówó, ìjọba yóò fún un ní ọ̀kan. Wọ́n tún ẹjọ́ Miranda fúnra rẹ̀ dá láìlo ìwé náà, ó sì tún jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí ó ṣe é. Ó ń dáàbò bo gbogbo wa ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹni tí ó kàn jókòó láìfọhùn kò tíì lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ pé òun fẹ́ dákẹ́. Àwọn baba wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ẹnu la fi ń kọ̀ "mi ò jẹ". Gbólóhùn méjì ni kí ọmọ yín kọ́ sórí: "Mo fẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ lọ́yà." Kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má jà, kí ó má sì sá.

Ti lọ́yà ọ̀fẹ́ yìí, aláìní ni ó jà fún un. Ní 1961, ní Panama City ní Florida, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Clarence Earl Gideon pé ó fọ́ ilé eré kan. Ó ní kí adájọ́ fún òun ní lọ́yà, adájọ́ kọ̀. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 5. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní 1963, gbogbo adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà bí ẹ̀sùn bá wúwo bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ dá, ó ní lọ́yà, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

BÉÈLÌ

Béèlì ni owó tí ó ń fi dá kóòtù lójú pé ẹni náà yóò padà wá. Bí ó bá san án fún kóòtù fúnra rẹ̀, tí ó sì ń wá ní gbogbo ọjọ́ ìpè, wọ́n máa ń dá a padà. Bí kò bá ní in, àwọn oníbéèlì wà tí wọ́n ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá láti dúró fún un. Owó tiwọn ti lọ nìyẹn, kò ní padà, àní bí wọ́n bá dá a láre. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó rí bẹ́ẹ̀: Illinois, níbi tí Chicago wà, fi òpin sí béèlì olówó ní 2023.

JÚRÌ ÀTI DÚNÀÁDÚRÀ

Ohun tí kò sí ní kóòtù tiwa ni júrì. Àwọn ará ìlú ni wọ́n ń pè jọ, awakọ̀, tíṣà, alásè, tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹ̀rí. Nínú ẹ̀sùn ńlá, ènìyàn 12 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, láti 2020 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti sọ pé ní gbogbo ìpínlẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè dá ènìyàn lẹ́bi. "Grand jury" yàtọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ máa ń jẹ́ ènìyàn 16 sí 23, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jókòó, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n sọ bóyá ẹ̀sùn tó láti gbé lọ sí kóòtù. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n "indict" ẹnìkan, wọn kò tíì dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ júrì. Nínú 100 ènìyàn tí kóòtù wọn dá lẹ́bi, ó lé ní 90 tí ó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé àwọn jẹ̀bi. Dúnàádúrà ni. Lọ́yà ìjọba á ní, "Gba ẹ̀bi yìí, a ó dín ìyà kù. Bí o bá kọ̀, tí o sì pàdánù, ìyà yóò pọ̀." Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, tí ọmọ wà nílé, yóò gbà. Wọ́n á tún ní kí ó sọ pé "no contest", pé òun kò bá wọn jiyàn. Lójú òfin ìwọ̀lú, ìyẹn náà ẹ̀bi ni.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fetí sí èyí. Awakọ̀ tírélà ni José Padilla. Honduras ni wọ́n bí i sí, ó ti gbé Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún, ó sì jagun fún wọn ní Vietnam. Wọ́n mú un ní Kentucky pé ó fi tírélà rẹ̀ gbé igbó. Lọ́yà rẹ̀ sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù, pé ó ti pẹ́ jù ní ìlú fún kí wọ́n lé e. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Irọ́ ni lọ́yà pa: ẹ̀bi náà gan-an ni òfin ní kí wọ́n torí rẹ̀ lé e. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé lọ́yà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àjèjì bí ẹ̀bi bá lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ní 2013, wọ́n fi kún un pé ìdájọ́ náà kò kan ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí ṣáájú 2010.

Ẹ rántí ẹjọ́ méjì tí mo sọ. Lílé ènìyàn kúrò nílùú, lójú òfin wọn, civil ni. Nítorí náà kò sí lọ́yà ọ̀fẹ́ ti ìjọba níbẹ̀, àní bí ìyàwó àti ọmọ bá wà lẹ́yìn. Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa wà nìyẹn. Àwọn ará ilé ń dáwó lọ́yà, ẹjọ́ náà kò tíì parí.

OBÌNRIN TÍ KÒ FỌWỌ́ SÍ I

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òṣìṣẹ́ parí rẹ̀. Ní 1972, ní Texas, wọ́n pe obìnrin kan tí ń tajà sínú yàrá. Wọ́n ní ó fi dọ́là kan gba adìyẹ tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2.98. Ó ní kí wọ́n pe aṣojú ẹgbẹ́ wá, wọ́n kọ̀. Wọ́n wádìí, òótọ́ ni ó sọ nípa adìyẹ, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ó bú sẹ́kún, ó ní oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni òun jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rí. Wọ́n bá tún di ìyẹn mú, wọ́n kọ ìwé pé ó jẹ nǹkan bí dọ́là 160. Kò fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹjọ́ náà, ó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní 1975 wọ́n sì dá wọn láre. Láti ìgbà náà, òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹgbẹ́ níbẹ̀ lè bèèrè aṣojú bí ìbéèrè ọ̀gá bá lè yọrí sí ìyà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè.

Kò yàtọ̀ sí kúẹ́rì tiwa. Mo mọ ẹni tí ó fi ìbínú kọ èsì nínú ìlà mẹ́ta, tí ó fi ìlà mẹ́ta náà pàdánù iṣẹ́ ọdún 11. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ohun tí mo sọ yìí kò dípò lọ́yà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọ̀ràn bá dé, kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ dákẹ́, kí wọ́n bèèrè lọ́yà, kí wọ́n sì bi lọ́yà náà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, pé: "Kí ni ìwé yìí yóò ṣe sí ìgbélùú mi?" Ìbéèrè yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kò bèèrè.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.