Òkè àti Adágún Tó Yí Wa Ká: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Wò Wọ́n

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ní Àkànrán)

    Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ìrẹsì tutù.

Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ni nínú wa tí kò lè dárúkọ òkè Kilimanjaro? Kò sí. A mọ adágún Chad, a mọ Victoria, a yà wọ́n sínú ìwé jíógíráfì, a fi pẹ́ńsù búlúù kùn wọ́n. Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Victoria, òkè mélòó lẹ ti gùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? Omi ẹ̀rọ Ìbàdàn tí ẹ mu dàgbà, inú adágún wo ló ti ń wá? Ẹ wò ó, gbogbo ibi ti pa lọ́lọ́.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ tiwa: kòkó, ọ̀pẹ, obì, ọsàn, ẹ̀gẹ́. Bí ìwé ìròyìn bá dárúkọ Àkànrán, ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í sọ pé ibẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni wá ṣeré. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ mọ́tò láti ibi tí a jókòó sí yìí, ilẹ̀ kò ní ṣú kí á tó rí òkè àti adágún tí àlejò lè tìtorí rẹ̀ wọ bàálù. Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ mú yín dé lónìí, láìdìde lórí ìjókòó.

Ìbàdàn ni ká kọ́kọ́ dé. Òkè Màpó, Òkè Àrẹ, Òkè Arẹ́mọ, gbogbo wa la ti fi mọ́tò gùn wọ́n, a kàn ń bú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite ló wà nínú wọn. Òjò àti oòrùn jẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn lọ, wọn ò rí tiwọn jẹ, ìyẹn ni wọ́n ṣe yọrí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọdún 1829, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni wọ́n wá gbà. Ẹni tó bá wà lókè ló ń tètè rí ọ̀tá. Nígbà tí òyìnbó náà dé, òkè lòun náà wá: gbọ̀ngàn Màpó ní ọdún 1929, ilé gogoro Bower tí à ń pè ní Láyípo ní Òkè Àrẹ ní ọdún 1936.

Àwọn tó ṣáájú àwọn ọmọ ogun yẹn ńkọ́? Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun fọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́ ti Lágelú, orí òkè lápá Ẹlẹ́yẹlé ni àwọn tó kù sá lọ. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ tí wọn ò fi kú. Ẹ gbọ́ oríkì Ìbàdàn dáadáa, òro àti ìgbín wà níbẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí Abọkè fi ń ṣáájú ọdún Òkè'Bàdàn, tí wọn kì í fi í dáná lówùúrọ̀ ọjọ́ náà láyé àtijọ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè tó gbà wọ́n ni. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ àti ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni wá bọ òkè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí nǹkan bá gbà sílẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n lójú.

Ibi kejì, ẹ jẹ́ ká lọ síbi omi. Adágún ńláńlá tí ó wà nítòsí wa, èèyàn ló ṣe wọ́n. Ní ọdún 1942 ni wọ́n dí Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tí Ìbàdàn tún fẹ̀ sí i, tí omi yẹn ò tó mọ́, wọ́n dí odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Ifẹ̀, ẹja tí ẹ máa ń dúró rà ní Aṣéjire, inú adágún yẹn ló ti wá. Mélòó nínú wa ló ti sọ̀ kalẹ̀ wo omi náà fúnra rẹ̀, kó rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi? Ẹja la mọ̀, a ò mọ ilé ẹja.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran wíwò nìkan. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n dí ní Aṣéjire, Òṣogbo ló kọ́kọ́ gbà kọjá, níbi tí igbó Ọ̀ṣun wà, èyí tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Láti ìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà ti pọ̀ lápá Iléṣà, omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ẹ fọkàn bá omi náà lọ: láti Iléṣà dé Òṣogbo, láti Òṣogbo dé Aṣéjire, láti Aṣéjire dé inú ife yín. Bí odò bá sì bínú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ìbàdàn kò gbàgbé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tí àkúnya omi pa èèyàn tó lé ní 100. Ibi tí omi ń gbà la kọ́lé sí, ibẹ̀ náà la sì ń da ilẹ̀ sí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà omi kì í dí i.

Ibi kẹta ló jìnnà díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gba Ìbàdàn kọjá, ká kọrí sí apá Ìsẹ́yìn, ká dé Adó-Àwáyè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 la máa gùn. Ẹni tó bá ti sanra bíi tèmi, kó máa sinmi lọ́nà. Òkúta gíránáìtì ni òkè náà. Irú òkúta yìí ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún lórílẹ̀ wa. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti dì, ilẹ̀ tó bò ó ni òjò wá fọ̀ lọ. Òkúta Ìṣàgẹ wà níbẹ̀, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, kò sì ṣubú. Lórí òkè náà ni adágún Ìyákẹ́ wà. Omi ni o, lórí òkúta! Ihò tó wà lára òkúta ló gba òjò dúró, òkúta ò sì jẹ́ kó jò lọ. Àwọn ará ìlú sọ pé kì í gbẹ, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ní orí òkè yẹn làwọn baba wọn gbé láyé ogun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè tiwọn títí di ọdún 1923, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ Olúmọ ní 1830.

Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n á sọ pé irú Ìyákẹ́ ò ju méjì lọ láyé, pé èkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Poly ni mí, iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́, iṣẹ́ wa sì ni ká yẹ ọ̀rọ̀ wò. Adágún ti Colorado wà lóòótọ́, Hanging Lake ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n adágún pọ̀ lórí òkè káàkiri ayé. Oku wà ní Cameroon níbí, Titicaca wà láàrín Peru àti Bolivia, ó sì ga ju mítà 3,800 lọ. Ṣé Ìyákẹ́ wá di yẹpẹrẹ nìyẹn? Rárá o! Ìyá ẹni kò ní láti jẹ́ arẹwà kan ṣoṣo láyé ká tó lọ kí i. Ohun tó dára kì í wá irọ́ kún ara. Bí a bá fi irọ́ polówó rẹ̀, ọjọ́ tí àlejò bá já a ni yóò kọ òótọ́ rẹ̀ náà sílẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ tó ń ronú àtitún òrùlé ilé-ìwé ṣe? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó mọ orúkọ nǹkan wọ̀nyí ń lọ. Bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà oko wa ka orúkọ ìṣàn omi méje fún mi láàárín ilé àti oko rẹ̀, ó sọ èyí tí wọn kì í pọn lálẹ́ àti èyí tí ẹja rẹ̀ kì í ṣe é jẹ. Mo bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé èwo ló mọ̀. Ó ní, "Odò náà ni, bọ̀dá." Gbogbo rẹ̀ ti di "odò náà." Ohun tí kò lórúkọ, kò ṣòro láti tà. Dáyínámáìtì ń dún lórí òkúta káàkiri, wọ́n ń fọ́ ọ fún kọ́ńkéré. A nílò kọ́ńkéré, òótọ́ ni, èmi náà ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n òkúta tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtàn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fọ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa jáde wá sọ pé, "Ẹ dúró ná."

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wa háyà bọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òjò ọdún yìí, ká lọ sí Adó-Àwáyè, ká mú ọmọ wa dání. Ká kọ́kọ́ kí ọba ìlú, ká gba ẹni tó máa fọ̀nà hàn wá, ká sì pa èèwọ̀ wọn mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ni a ó fi sí ìjókòó iwájú.

Èkejì, kí kálukú, kó tó dé ìpàdé èyí tó ń bọ̀, béèrè lọ́wọ́ àgbà kan lábúlé rẹ̀: kí lorúkọ òkè yìí, odò yìí, òkúta yìí? Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ni wọn kì í ṣe níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sí abala ìwé kan péré, ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi yóò tò ó, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ yìí. Bí a bá jẹ́ 40, tí kálukú mú mẹ́ta wá, orúkọ 120 nìyẹn tí kò ní bá àgbà wọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní òkè òkèèrè. A dúpẹ́. Iṣẹ́ tó kù, tiwa ni.