Ojú-ìwé Ayédèrú

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ jẹ́ kí á mú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dúró ní ibùdókọ̀ Dọ̀pẹ̀mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ owó-oṣù, ó ń retí ọkọ̀ Agége. Fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ní báńkì fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi lọ́lẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2014. Kí ó yára tẹ ìlà tí ó wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé báńkì rẹ̀ ni ó rí: àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn, àmì rẹ̀ nìyẹn, àní ìkìlọ̀ pé kí oníbàárà ṣọ́ra fún oníjìbìtì náà kò gbẹ́yìn! Ohunkóhun tí fóònù bá lè fi hàn ni oníjìbìtì lè dà kọ.

Àdírẹ́sì nìkan ni kò ṣeé dà kọ. Bí orúkọ ènìyàn ni ó rí, tí orúkọ ìdílé gbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọbáfẹ́mi. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ará ilé Awólọ́wọ̀. Orúkọ báńkì lè ṣíwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kángun sí .com tàbí .ng tí ó kẹ́yìn, kí ìlà dídagẹ̀rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e tó dé, ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ilé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2017, àwọn oníjìbìtì lo àdírẹ́sì kan, adoḅe.com. Wọ́n fi àmì sí abẹ́ b. Ojú rò pé eruku ni. Bí a bá sì fàlà sí abẹ́ àdírẹ́sì náà, àmì yóò sọnù sínú ìlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé «ọkọ» kì í ṣe «oko» yẹ kí ó fura. Ó ṣeni láàánú pé àwọn olùkọ́ kan ṣì ń ka àmì ìsàlẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ lásán.

Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán àgádágodo tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ohun tí ó ń sọ ni pé ará ọ̀nà kò lè ka ohun tí a fi ránṣẹ́. Kò sọ irú ẹni tí ó ń gbà á. Nítorí àṣìlóye yìí ni Google ṣe yọ ọ́ kúrò nínú Chrome ní ọdún 2023.

Bí òṣìṣẹ́ wa bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí i, kí ó má tilẹ̀ dúró de ọkọ̀ mọ́. Kí ó pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀. Ohun tí oníjìbìtì fi dẹ́rù bà á gan-an ni yóò wá bẹ báńkì fún: kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa.