Ẹni Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa)

Wọ́n ní kí èmi oníṣẹ́ ìròyìn sọ̀rọ̀ ṣókí. Ọ̀rọ̀ pósítà ni mo mú wá, ìwé àlẹ̀mógiri tí wọ́n fi ń la ọ̀dọ́ lójú nípa ìbálòpọ̀. Ẹ má wojú ara yín o, àgbà ni gbogbo wa níbí.

Ẹ ó rántí pósítà kan ṣoṣo tó wà lára ògiri wa nígbà náà. Agbárí òkú ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé éèdì ń pani. Ó tán. Báwo ló ṣe ń ranni? Kí la lè ṣe tí kò fi ní ràn wá? Kò sí níbẹ̀. Nílé ńkọ́? Wọ́n ní, “Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ẹ́ pẹ́nrẹ́n, oyún nìyẹn!” Ọmọ kíláàsì wa kan, tí n kò ní dárúkọ, sọ fún mi pé òun gbà á gbọ́, títí ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan di òun lọ́wọ́ mú tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀. Látọjọ́ náà ló ti ka gbogbo ìkìlọ̀ yòókù sí irọ́. Kò tíì parí SS 2 tí oyún fi dé, tó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lónìí.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti wá mọ̀ nípa pósítà mìíràn. Keith Haring, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló yà á ní 1989, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ní éèdì. ACT UP ló yà á fún, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba wọn fà á lórí àrùn náà ní New York. Ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fọwọ́ bojú, ọ̀kan fọwọ́ di etí, ẹ̀kẹta fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó wí ni pé àìmọ̀ ni ìbẹ̀rù, ìdákẹ́jẹ́ ni ikú. Haring kú ní February 1990, ọmọ ọdún 31 péré.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ inú ACT UP gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní February 1991, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ New York dìbò, mẹ́rin sí mẹ́ta, pé kí ilé-ìwé girama ìjọba máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bèèrè ní kọ́ńdọ̀mù. Ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí!

Nílé níbí náà, ẹnìkan lanu. Ní August 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kéde fáwọn oníròyìn pé éèdì ló pa àbúrò òun, Fela. Ní 2003, ẹ̀kọ́ nípa ìgbé-ayé ẹbí àti HIV wọ ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wa. Àmọ́ olùkọ́ tó bá ń tijú á kàn ṣí ojú ewé náà kọjá ni. Pósítà kì í tijú. Ọmọ lè dúró níwájú rẹ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wò ó, kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nínú owó tí a fẹ́ fi kun ẹnu géètì, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún pósítà. Káwọn ọmọ yà á fúnra wọn, kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò kí irọ́ má baà wọ̀ ọ́. Kó sọ bí oyún ṣe ń dé gan-an. Pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Pé kọ́ńdọ̀mù ń dènà oyún àti àrùn. Pé ẹni tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè pẹ́ láyé. Kí wọ́n má ya agbárí o.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní a fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣekúṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ọ̀rẹ́ wa yẹn? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan. A dákẹ́ ni, tara rẹ̀ sì bá a dákẹ́.